Ìrékọjá Kì í Ṣe Àjọ Ìta: Bí Ará Mabera Ṣe Lè Ṣètò Àtilọ Wo Ogún Àwọn Júù

Inú ilé làwọn Júù ti ń ṣe àjọ Ìrékọjá, lálẹ́, nídìí tábìlì oúnjẹ, láàárín ẹbí. Kò sí ìlù ní títì, kò sí àgọ́ níwájú ilé, kò sí pé aládùúgbò ń gbé abọ́ ẹran kiri bí a ti ń ṣe ní Mabera, ní Sókótó, nígbà Iléyá. Nítorí náà, ẹni tó bá wọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlú tí wọ́n wà lọ́sẹ̀ yẹn láìmọ ilé kan tó máa wọ̀, ìta ni yóò wà. Ó lè dé ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù kó bá ọlọ́pàá níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé kò sí ìbẹ̀wò títí ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì.

Òru kan ló yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Júù ilẹ̀ Mòrókò, lóru tí àjọ náà bá parí, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, Júù àti Mùsùlùmí á jọ máa wọlé jáde. Mimouna ni wọ́n ń pè é. Òru yẹn ni mo máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ wá lórí kàlẹ́ńdà, kó wá máa ti ibẹ̀ ka ètò yòókù sẹ́yìn.

Ìrìn-àjò ìsìn méjì ni àwa Yorùbá tó ń gbé Sókótó mọ̀ dunjú. Mùsùlùmí ń lọ sí Mẹ́kà, Kìrìsìtẹ́nì ń lọ sí Jerúsálẹ́mù. Méjèèjì ní àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, NAHCON fún Hájì, NCPC fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n á kéde iye owó, wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á kó èèyàn lọ, wọ́n á kó wọn bọ̀. Ẹnì kan á dé, á di Alhaji, ẹnì kejì á fi JP sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ti ogún àwọn Júù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní àjọ, kò ní oyè. Ẹni tó fẹ́ lọ ló máa ka ọjọ́ fúnra rẹ̀, tó máa kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, kí ló dé tí kì í ṣe Jerúsálẹ́mù? Jerúsálẹ́mù ṣeé lọ. Ṣùgbọ́n ní Ísírẹ́lì lọ́sẹ̀ Ìrékọjá, gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà ní ọlidé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nílé, ibi ìgbafẹ́ kún, ọkọ̀ òfurufú El Al kì í fò lọ́jọ́ Sábáàtì àti lọ́jọ́ àjọ. Láti ọdún 1986 ni òfin sì ti wà níbẹ̀ pé kí Júù tó ní ṣọ́ọ̀bù má ṣe pàtẹ búrẹ́dì tàbí ohunkóhun tó ní ìwúkàrà fún títà ní gbangba. Èèyàn á rí ibi mímọ́, á rí èrò, ṣùgbọ́n bí Júù ṣe ń bá ẹni tí kì í ṣe Júù gbé ládùúgbò kan kò ní hàn sí i tó bẹ́ẹ̀. Mòrókò ni ìyẹn ti hàn. Ọ̀nà tó so Mòrókò mọ́ Sókótó sì ti pẹ́ gan-an kí ọkọ̀ òfurufú tó dé.

Ẹ wo ewúrẹ́ pupa tí ń jẹ kiri ní Mabera. Ewúrẹ́ Sókótó lórúkọ rẹ̀ káàkiri ayé. Awọ rẹ̀ dára débi pé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀wọ́ ràkúnmí fi ń rù ú la aṣálẹ̀ kọjá. Tó bá dé Yúróòpù, awọ Mòrókò ni wọ́n ń pè é, torí pé ọwọ́ àwọn ará Àríwá Áfíríkà ni wọ́n ti ń rà á, òun ni wọ́n sì fi ń di ìwé olówó ńlá. Àwọn tó ṣe awọ náà ní majema, ní ilẹ̀ Hausa níbí, orúkọ wọn kò dé ibẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí inú mi yóò tó dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ìpẹ̀kun ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn Júù wà nínú òwò náà gbágbáágbá. Ní nǹkan bí ọdún 1764 ni Sultan Mohammed ben Abdallah tẹ Essaouira dó létí òkun Àtìláńtíìkì, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Mogador. Ó ṣa àwọn ìdílé oníṣòwò, Júù ló pọ̀ jù nínú wọn, ó fún wọn nílé, ó yá wọn lówó, a sì ń pè wọ́n ní tujjar al-sultan, ìyẹn àwọn oníṣòwò ọba. Ìyẹ́ ògòǹgò, oje igi àti awọ ewúrẹ́ wà lára ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òyìnbó láti èbúté náà. Àwọn kan tilẹ̀ la aṣálẹ̀ náà wá. Mordechai Aby Serour, rábì kan láti Akka ní gúúsù Mòrókò, dé Timbuktu ní nǹkan bí ọdún 1860, ó sì jà fitafita kí wọ́n tó gbà kó máa ṣòwò níbẹ̀. Òun náà ló ṣamọ̀nà Charles de Foucauld, ọmọ Faransé tó múra bíi rábì kó lè rin Mòrókò já ní 1883 sí 1884.

Apá kan ìtàn yìí korò, ẹni tó ń ti Sókótó lọ kò sì gbọ́dọ̀ fò ó. Ní Tuat, nínú aṣálẹ̀ tó ti di ara Algeria lónìí, àwọn Júù gbé ní Tamentit àti àwọn ìlú tó yí i ká, lójú ọ̀nà àwọn ọ̀wọ́ ràkúnmí. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Muhammad al-Maghili, ọmọ Tlemcen, wàásù gidigidi pé wọ́n ti kọjá àyè wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1492 wọ́n wó sínágọ́gù ibẹ̀, wọ́n sì pa àwọn èèyàn. Al-Maghili yìí kan náà ló wá sí Kánò, tó kọ ìwé lórí bí ọba ṣe yẹ kó jọba fún Muhammadu Rumfa, ọba ibẹ̀, tó sì lọ sí Gao lọ dáhùn ìbéèrè Askia Muhammad, ọba Songhai. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà, Ṣéù Usman dan Fodio ń tọ́ka sí àwọn ìdáhùn yẹn nínú ìwé rẹ̀ nígbà ìjà ẹ̀sìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, èyí tí Sókótó ti jáde wá gẹ́gẹ́ bí olú ìlú ní 1809. Orúkọ tí ọmọ iléèwé àlùkùránì ní Sókótó ń fi ọ̀wọ̀ pè, òun náà ni ìtàn àwọn Júù aṣálẹ̀ ń rántí pẹ̀lú ọ̀fọ̀. Ẹ kò ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bi yín, torí àgbàlagbà tó bá gbọ́ pé Sókótó lẹ ti wá lè bi yín.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó dànù.

Oṣù ojú ọ̀run ni Júù fi ń kà, bíi ti Mùsùlùmí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tí wọ́n ń pè ní Nisan, nígbà tí òṣùpá bá kún, ni Ìrékọjá. Ọjọ́ wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, gẹ́gẹ́ bí òru Jímọ̀ọ̀ ti ń ṣáájú ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nítorí náà, tí kàlẹ́ńdà bá ní àjọ náà bọ́ sí ọjọ́ 22, alẹ́ ọjọ́ 21 ni tábìlì ti máa tẹ́. Ẹni tó bá balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 22 ti pàdánù ohun tó bá wá.

Ibi tí kíkà tiwọn ti yà kúrò ní ti Mùsùlùmí ni pé Rámàdánì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, ó lè bọ́ sí ọyẹ́, ó lè bọ́ sí òjò. Òfin Mósè ní tirẹ̀ ní kí Ìrékọjá wà ní ìgbà tí ọkà báálì ń gbó. Kí ó má baà sún kúrò níbẹ̀, wọ́n ń fi odidi oṣù kan kún ọdún, ní ìgbà méje láàárín ọdún mọ́kàndínlógún. Ìdí rèé tí àjọ náà kì í fi í jìnnà sí ìparí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin. Ní 2022 àti 2023, Ìrékọjá bọ́ sínú Rámàdánì. Láti ìgbà náà, Rámàdánì ti sún síwájú rẹ̀, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún pàdé.

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló máa ń ṣi ọjọ́ yìí kà jù, torí wọ́n rò pé Àjíǹde àti Ìrékọjá kì í yara wọn. Ní 2026 wọ́n jọ wà pọ̀: Ìrékọjá bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ 5. Ní 2027 ọ̀rọ̀ yí padà. Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n Ìrékọjá kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, torí ọdún Júù 5787 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdún olóṣù mẹ́tàlá. Olùkọ́ tó bá gbàyè ìsinmi Àjíǹde lọ́dún yẹn pé òun ń lọ wo Ìrékọjá á ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mabera kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìwúkàrà kúrò nílé lọ́hùn-ún. Ní 2028, wọ́n tún pàdé: alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, Àjíǹde sì jẹ́ ọjọ́ 16.

Ẹ jẹ́ ká mú 2027 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, torí ó ṣòro díẹ̀, ẹni tó bá mọ tirẹ̀ ṣètò kò ní ṣì ti ọdún mìíràn ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ń ṣe àjọ náà ní Ísírẹ́lì. Níta Ísírẹ́lì, títí kan Mòrókò, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ àti ọjọ́ méjì ìkẹyìn wúwo bíi Sábáàtì: wọn kì í wakọ̀, wọn kì í fọwọ́ kan owó, wọn kì í tẹ fóònù, wọn kì í ya fọ́tò. Àwọn ọjọ́ àárín fúyẹ́. Ní 2027, àwọn ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ 22 àti ọjọ́ Ẹtì 23. Sábáàtì fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e ní Àbámẹ́ta 24. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko rèé tí kò sí ohun tó ń lọ. Àìkú 25, Ajé 26 àti Ìṣẹ́gun 27 ni àyè ṣí. Ọjọ́rú 28 àti Ọjọ́bọ̀ 29 tún tì. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àjọ parí, Mimouna bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ilé tó pè é wá sí tábìlì alẹ́ àkọ́kọ́, kó dé Casablanca ní Ajé 19. Ẹni tí kò bá ní, kó má wulẹ̀ tètè lọ jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì. Kó balẹ̀ ní Àbámẹ́ta 24, kó fi ọjọ́ mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ rìn, kó sì wà ní Casablanca lálẹ́ ọjọ́ 29. Ní tèmi, èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ilé tó máa pe èèyàn? Kì í ṣe nípa kíkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ísírẹ́lì dá sílẹ̀ ní 1948, Júù tó wà ní Mòrókò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù kan. Lónìí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì péré ló kù, Casablanca sì ni púpọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Àwùjọ kékeré ni, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ra. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2003, àwọn abúgbàù kọlu Casablanca, ilé àwùjọ àwọn Júù sì wà lára ibi tí wọ́n kọlù. Nítorí náà, ẹ má bínú tí ẹ bá rí ẹ̀ṣọ́ níbi gbogbo. Lẹ́tà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, lédè Faransé, sí ìgbìmọ̀ àwùjọ àwọn Júù ilẹ̀ Mòrókò ní Casablanca. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ìsìn yín, ọjọ́ tí ẹ máa dé, àti ohun tí ẹ fẹ́ rí. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín sí i. Ẹ má fi ìsìn yín pa mọ́. Mùsùlùmí ni aládùúgbò wọn láti ayébáyé. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà tó ní kí ẹ sanwó fún òun kí òun fi yín sí tábìlì ẹnikẹ́ni, ẹ sá fún un.

Wọ́n lè kọ̀. Àwọn ìdílé mìíràn kì í gba ẹni tí kì í ṣe Júù sí tábìlì ọjọ́ àjọ, torí òfin wọn lórí oúnjẹ sísè fún àlejò lọ́jọ́ yẹn díjú. Àwọn tó ń ka Bíbélì nínú wa á rántí pé Ẹ́kísódù orí kejìlá ní kí aláìkọlà má jẹ nínú ọ̀dọ́ àgùntàn Ìrékọjá. Ṣùgbọ́n ìrúbọ àgùntàn yẹn ti dópin láti ìgbà tí àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ńpìlì ní ọdún 70. Eegun ẹran kan lásán ló kù lórí àwo tó ń rántí rẹ̀.

Tí wọ́n bá gbà yín, ẹ mọ̀ pé tábìlì náà ní ètò. Seder ni wọ́n ń pè é. Ìwé kan wà níwájú olúkúlùkù, Haggadah, tó ń sọ ìtàn bí Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò ní Íjíbítì. Ọmọ tó kéré jù ló máa ń béèrè ìdí tí alẹ́ yìí fi yàtọ̀, àgbà á dáhùn. Ife wáìnì mẹ́rin ni, àwọn tí kì í mu ọtí lè fi oje èso àjàrà rọ́pò. Ewé kíkorò wà nítorí ìyà oko ẹrú. Ohun dídùn kan tí wọ́n fi èso àti kóró èso gígún ṣe wà, tó dúró fún amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì. Àwọn ará Mòrókò ní àṣà kan tí ẹ kò ní rí níbi púpọ̀: wọ́n á gbé àwo Seder, wọ́n á máa yí i lórí olúkúlùkù tó jókòó, wọ́n á máa kọrin pé pẹ̀lú ìkánjú ni wọ́n fi jáde ní Íjíbítì. Tó bá kan orí yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ètò náà lè pẹ́ kí oúnjẹ gidi tó dé, nítorí náà ẹ má fi ebi lọ.

Lórí oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ará Sókótó ṣe máa gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ ni ọkà márùn-ún tó bá ti kan omi tó sì ti wú: àlìkámà, báálì àti àwọn mẹ́ta tó jọ wọ́n. Àkàrà aláìwú, mátsà, àlìkámà náà ni, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjìdínlógún péré ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí omi kàn án àti ìgbà tó wọ ààrò. Nítorí náà búrẹ́dì, bisikíìtì, ṣin-ṣín àti Indomie kò gbọ́dọ̀ dé ilé wọn. Mọ́ọ̀tì tí àwa ń gbé lọ kí èèyàn, báálì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, èèwọ̀ ni. Jéró tí wọ́n fi ń ṣe fúrá àti kúnú, ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe másà, àti ẹ̀wà tiwa kò sí lára ọkà márùn-ún yẹn, àmọ́ àwọn Júù Yúróòpù ń yẹra fún wọn, àwọn ará Mòrókò sì ní àṣà tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé: ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ ìrẹsì, síbẹ̀ wọ́n ń fi ẹ̀wà tútù se ọbẹ̀. Gààrí ńkọ́? Pákí ni, kì í ṣe ọkà rárá. Ní ti òfin, gààrí kì í ṣe ìwúkàrà, kò sì lè di ìwúkàrà. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn gbé e wọ ilé ìdáná ẹnikẹ́ni, torí ohun tí wọn kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, wọn kò ní jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ fi í sínú àpò yín ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ máa mu ún níbẹ̀. Ẹ̀bùn tó bá a mu jù ni èyí tí kì í ṣe oúnjẹ. Ohun kan tí wọ́n fi awọ ṣe ní Sókótó yóò sọ ìtàn púpọ̀ ju ohunkóhun lọ.

Ṣáájú àjọ, wọ́n ń gbá gbogbo ilé. Lóru tó ṣáájú, wọ́n á fi àbẹ́là wá èérún búrẹ́dì kiri kọ̀rọ̀, wọ́n á sun ún lówùúrọ̀. Èyí tó bá pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè sun lọ, wọ́n á fi ìwé àdéhùn tà á fún ẹni tí kì í ṣe Júù, wọ́n á sì rà á padà tí àjọ bá parí. Títà gidi ni lójú òfin wọn, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ní Ísírẹ́lì, ìwúkàrà tó jẹ́ ti ìjọba pàápàá, ọmọ Lárúbáwá kan ló ń rà á lọ́dọọdún.

Èyí ló mú Mimouna wá. Tí àjọ bá parí lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, kò sí ìyẹ̀fun kankan nínú ilé Júù, ìwúkàrà kò sí. Láyé àtijọ́ ní Mòrókò, aládùúgbò Mùsùlùmí ló máa ń gbé e wá: ìyẹ̀fun, wàrà, bọ́tà, oyin. Júù náà á fi ṣe mufleta, àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń dín nínú páànù, tí wọ́n ń fi bọ́tà àti oyin jẹ, wọ́n á sì pe ẹni tó gbé ìyẹ̀fun wá pé kó jókòó jẹ nínú rẹ̀. Lórí tábìlì, ẹ máa rí àwo ìyẹ̀fun tí wọ́n fi owó ẹyọ tàbí ẹ̀wà tútù sí lórí, ẹja, èso déètì àti ewé tútù. Wọ́n ń kí ara wọn ní èdè Lárúbáwá Mòrókò pé tirbah u-tis'ad, kí o jèrè, kí o sì ṣoríire. Ìkíni oníṣòwò pọ́ńbélé. Láti ilé kan dé ilé kejì ni wọ́n ń lọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́ lọ. Èyí nìkan ni alẹ́ tí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè bá ẹlòmíràn wọlé. Síbẹ̀, ẹ rí i pé ẹnì kan nínú àwọn tí ẹ kọ lẹ́tà sí mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Aṣọ tó dára ni kí ẹ wọ̀. Ẹni tó bá wọ agbádá kò ṣì í wọ̀.

Àwọn ọjọ́ mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ ńkọ́? Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti àwọn Júù ní Casablanca ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i, Simon Lévy ló sì darí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2011. Kò sí irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kankan ṣáájú rẹ̀. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n ń ṣílẹ̀kùn lọ́sẹ̀ àjọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Fez. Ní 1438 ni wọ́n kó àwọn Júù Fez lọ sí àdúgbò tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ọba, mellah, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Mòrókò. Àwọn tí Sípéènì lé jáde ní 1492 wá kún wọn. Ẹ wo òkè: ilé wọn ní bákónì igi tó kọjú sí títì, nígbà tí ilé Mùsùlùmí ìlú náà kọ ẹ̀yìn sí títì, tó kọjú sí àgbàlá. Sínágọ́gù Ibn Danan wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ìtẹ́ òkú funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibojì Sol Hachuel wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1834 torí wọ́n ní ó gba Ìsìláàmù ó sì padà, òun sì ní òun kò gbà á rí. Mùsùlùmí náà ń lọ síbẹ̀ lọ tọrọ. Àwọn Júù kì í sábà ṣèbẹ̀wò sí ibojì nínú àjọ, nítorí náà ẹ lè má bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ju olùṣọ́ lọ.

Essaouira ni ti ará Sókótó jù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ awọ yẹn. Ó jìnnà sí Fez, ẹ kò lè fi ọjọ́ mẹ́ta wo méjèèjì dáadáa. Tó bá jẹ́ èmi, Fez ni mo máa fi sílẹ̀. Ní Essaouira, Bayt Dakira wà, ilé ìrántí àwọn Júù ibẹ̀, tí ọba Mohammed VI ṣèbẹ̀wò sí ní oṣù Kìíní 2020; sínágọ́gù Simon Attias wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àti àwòrán àwọn oníṣòwò ọba. Mellah ibẹ̀ ti wó ní apá púpọ̀, ẹ̀fúùfù òkun ń jẹ ẹ́. Ibojì Rábì Haim Pinto, tó kú ní 1845, ṣì ń fa èrò. Ní Ọjọ́rú 28 tí nǹkan bá tì, ẹ lè máa rin títì àti èbúté, torí ìyẹn kì í tì.

Tí owó Mòrókò kò bá sí, Abuja ṣeé lọ. Sínágọ́gù Gihon wà níbẹ̀, Ìgbò sì ni púpọ̀ jù nínú àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe Ìrékọjá tiwọn. Ìjọba Ísírẹ́lì kò tíì gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bíi Júù, àríyànjiyàn náà kò sì ní tán lọ́la, ṣùgbọ́n mátsà wọn kò ní ìwúkàrà.

Ní ti ìwé, ọmọ Nàìjíríà nílò físà fún Mòrókò. Ilé aṣojú wọn wà ní Abuja. Ẹni tó bá ti ní físà Amẹ́ríkà, Bírítéènì tàbí ti Schengen lára ìwé ìrìnnà lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Owó dírámù kì í sí ní ìta Mòrókò, nítorí náà ẹ má wá a ní ọjà wa. Dọ́là tàbí yúrò ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Aago wọn àti tiwa bára mu, àfi nínú Rámàdánì tí wọ́n ń dá tiwọn padà ní wákàtí kan. Royal Air Maroc ń fò láti Èkó lọ sí Casablanca. Láti Mabera, pápákọ̀ òfurufú Sadiq Abubakar III ni kí ẹ ti gbéra. Ọ̀nà Gusau sí Fúntùà kò ṣeé fọkàn tán láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba ibẹ̀, owó tí ẹ máa fi dín tíkẹ́ẹ̀tì kù kò tó ewu rẹ̀.

Fún ti 2027, kí lẹ́tà ti lọ kí 2026 tó parí, kí físà wọlé ní oṣù Kejì. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ńkọ́, ẹ má rà á sí ọjọ́ Ẹtì 30, torí ẹ kò ní sùn lóru Mimouna. Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ Sábáàtì, ó tún jẹ́ ọlidé àwọn òṣìṣẹ́. Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ni kí ẹ fi padà.